Wọ́n tẹ pátákó mi dáadáa, lẹ́tà kan ni ojú wọn fò

Pátákó ṣọ́ọ̀bù mi ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án lókè báyìí, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ti ibi tó dùn mí bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní Ìyá Oníbíró tún ti gbé ìjà dé. Oòrùn tó ń rọ ewé ẹ̀fọ́ lórí àtẹ l'Ọ́jà Ọba, òun náà ló ń pa pátákó yìí lójoojúmọ́. Òjò rọ̀ lé e lórí títí, ọyẹ́ wá da eruku bò ó, síbẹ̀ bí mo bá fi àkísà tútù nù ún, búlúù rẹ̀ á tún yọ bíi pé àná ni wọ́n gbé e dé. Ihò onírin tí wọ́n lù sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ya. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ iṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i ni mo bá ní ẹjọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ìwé ni mo ń tà ní Àkúrẹ́, ìwé àti gbogbo ohun tí ọmọ iléèwé àti akọ̀wé ọ́fíìsì fi ń kọ nǹkan. Bíró, pẹ́ńsù, rúlà, gúlúù, fáìlì, ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, nóòtù ewé 40 àti ti ewé 60, bébà A4 tí ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ewé 500. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kiri kí n tó ní ìsọ̀. Mo máa ń gbé àtẹ lórí láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní Alágbàká, n óò ta bíró fún àwọn akọ̀wé ìjọba láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán n óò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé kí àwọn ọmọ tó jáde. Àtẹ yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọkọ mi ní kí n jù ú nù, mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá kú. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí n tó ra àga tí n óò jókòó lé, pátákó ni mo kọ́kọ́ wá lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá nínú kẹ̀kẹ́ àti lórí ọ̀kadà mọ̀ pé mo ti kúrò lójú títì.

Àárín ìgboro ni ilé ìtẹ̀wé tí mo lọ wà. N kò ní dárúkọ wọn, ẹ má sì bi mí. Bí ẹ bá wọlé, òórùn íǹkì ni yóò kọ́kọ́ kí yín, òórùn tó máa ń ta síni nímú bíi ti ọ̀dà tútù. Ẹ̀rọ náà gùn tó bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀: búlúù, pupa kan tó fẹ́ jọ omi ṣóbò tí kò tíì nípọn, yẹ́lò, àti dúdú. Nínú mẹ́rin yẹn ló ti ń po gbogbo àwọ̀ tó kù. Orí rẹ̀ á sáré lọ, á sáré bọ̀ lórí flex funfun, aṣọ oníke tí wọ́n ń tẹ pátákó sí, bí ọwọ́ ahunṣọ, bó bá sì ti lọ tó bọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á kún èyí tó wà nílẹ̀. Mo dúró wò ó títí mo fi gbàgbé pé ọmọ kékeré ni mo fi sídìí ọjà. Ká ní wọ́n ń gba owó ìran níbẹ̀ ni, ǹ bá san án.

Owó wọn kò pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní ìbú, ó jẹ́ 32 lápapọ̀. ₦300 ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ẹni tó ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán lórí kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀. Mo nájà títí wọ́n fi gba ₦12,000 fún gbogbo rẹ̀. Owó wẹ́dà tó ṣe férémù onírin kò sí nínú èyí. Wọ́n ní kí n wá gbé e ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ kò dún, aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i gbà. Ìyẹn náà n kò kà á sí wọn lọ́rùn. Ta ni iná kì í lọ mọ́ lọ́wọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ fún àgbà, tó ń fi "mà" parí gbogbo ọ̀rọ̀, ní kí n fi ohun tí mo bá fẹ́ kó wà lójú pátákó ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Oníbàárà méjì ló dúró dè mí lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ò dilẹ̀ láti máa tẹ lẹ́tà, mo bá fẹnu sọ ọ́ sínú fóònù. Mo dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo ka nọ́ńbà, mo wá ní kó kọ "BOOKS AND STATIONERY" sábẹ́ rẹ̀, kó jẹ́ kó tóbi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "sitéṣọ́nárì". Ohun tó wọ etí rẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi etí lásán mọ̀ pé "e" ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe "a", torí bákan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dún, kódà lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wá sí i lọ́wọ́: STATIONARY.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì bá a wí. Ẹ mọ ìlà pupa wínníwínní tí kọ̀ǹpútà máa ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀. Kò fa ohunkóhun sábẹ́ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni, ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, àṣìṣe kò sí lára rẹ̀. Kì í ṣáà ṣe òun ni mo ń tà.

Nígbà tó yá, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú fóònù mi ti là lápá kan, oòrùn ń ràn sí i. Mo ka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kó má lọ jẹ́ ti ẹlòmíràn, mo wo búlúù, mo ní, "Ó dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́." Torí náà mo jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Mo ti jókòó pín in: bí a bá dá a sí mẹ́ta, ìdá kan ni tèmi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni pátákó fi wà lókè tí gbogbo ayé ń kí mi kú oríire. Àwọn tíṣà iléèwé tó wà lódìkejì títì ń wọlé wá ra máàkà, wọ́n ń kí mi. Pásítọ̀ wa dá ọkọ̀ dúró, wọ́n gbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ó wá di ọjọ́ Ajé, Bàbá Tíṣà dé. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Físíìsì ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Bíró pupa ni wọ́n máa ń wá rà lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi bíró pupa ṣe nínú ilé tí kò sí ìwé ọmọ kankan láti máàkì mọ́. Wọ́n dúró síta, wọ́n gbójú sókè, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ìyá Oníbíró."

"Sà! Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé ṣọ́ọ̀bù rẹ máa ń rìn tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní rárá o. Ṣọ́ọ̀bù wo ló ń rìn?

"O ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò rìn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní 'stationary wave', ìgbì tó dúró sójú kan. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ rí tó ń tà á."

Wọ́n wọlé. Wọ́n fa páálí bíró kan ya, wọ́n tẹ́ ẹ sórí káńtà, wọ́n wá fi bíró pupa tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sí i, ọ̀kan lórí ìkejì, lẹ́tà lẹ́tà, bí ẹni ń kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ JSS1. Wọ́n yí "a" ká lókè, wọ́n yí "e" ká nísàlẹ̀. Èyí tó ní "a", wọ́n ní, ohun tó dúró tí kò mira ni: ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà ń pe èrò sí ní gárééjì láti àárọ̀, tí táyà rẹ̀ kò tíì yí lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní "e" ni bébà àti bíró àti gbogbo ẹbí wọn. Mo ní ọmọ mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé tíṣà àwọn ní kí àwọn fi "e" tó wà nínú "envelope" rántí. Bàbá ní kò burú, àmọ́ ìyẹn kò sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ń ṣe búrẹ́dì?"

"'Baker', sà."

"Ibo ló ti ń ṣe é?"

"'Bakery'."

"Ẹni tó bá ń ta bíró ńkọ́? 'Stationer' ni. Kí ló ń tà? 'Stationery'. O kàn mú ẹni tó ń tà á, o fi 'y' sí i nídìí. Bí o bá wá fi 'a' sí i, o ti lé ẹni tó ń tà á jáde nínú ọjà ara rẹ̀."

Páálí yẹn wà lára ògiri lẹ́yìn àga mi di òní. Ẹni tó bá yà, á rí i.

Mo pe ilé ìtẹ̀wé. Ọmọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà yẹn fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán mi létí pé, "Ẹ ní ó dáa, mà." Mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ fúnra mi. Ọ̀gá wọn jáde sí mi, ó wo fọ́tò tí mo yà, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló ń wo ìyẹn? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìgboro yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ tiwọn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń fi lẹ́tà jẹun ló ń bi mí pé ta ló ń wo lẹ́tà. Bí ẹlẹ́ja bá ní ta ló ń gbóòórùn, ṣé ẹ ó rà á? Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo fẹsẹ̀ rìn, mo ń wòkè. Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rí kí n tó délé, mẹ́ta nínú wọn ló dúró sójú kan bíi tèmi.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, kò gbà láti tún un tẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká pín owó flex sí méjì, ó kọ̀. Ó ní àwọn lè gé sítíkà lé e, ₦1,500. Mo ní ₦1,500 lórí lẹ́tà kan, nígbà tí odindi pátákó jẹ́ ₦12,000? Mo jókòó sórí àga oníke wọn, mo bọ́ bàtà, mo ní mo ti dé. Oníbàárà mẹ́rin wọlé, wọ́n bá mi níbẹ̀, mo ṣàlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ẹnì karùn-ún fẹ́ wọlé, ọ̀gá ní òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọkùnrin yẹn ló bá mi gbé e wá, ó sì yẹ kí n yìn ín. Ó gé sítíkà funfun onígun mẹ́rin tó tó àtẹ́lẹwọ́, "E" búlúù wà láàárín rẹ̀. Ó gun àga mi, ó bó ẹ̀yìn sítíkà náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi káàdì ATM rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Bíńtín kan há síbẹ̀ náà, ó dà bí ìléròrò. Búlúù "E" yìí dúdú díẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì dúró ṣánṣán. Ó fara ti "R" bí ọ̀mùtí tó gbára lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà lódìkejì títì ò lè mọ̀. Èmi mọ̀.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Tíṣà gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan wá, ó nípọn bí búrẹ́dì olóyìnbó, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Wọ́n ní àwọn wò ó nílé, àwọn sì rí i pé àwọn ò sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ìdí kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá. Ọ̀rọ̀ Látìn kan ló bí wọn, "statio", ibi tí èèyàn dúró sí. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, kiri ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń kiri, láti ìlú dé ìlú, láti ọjà dé ọjà. Àwọn tó ń ta ìwé nítòsí yunifásítì ní tiwọn ní ojú kan tí wọ́n máa ń wà, àwọn yunifásítì náà sì mọ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀. Nítorí pé wọn ò kiri ni wọ́n fi sọ wọ́n ní "stationarius", ibẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "stationer". Ẹni tó dúró sójú kan. Bíró àti bébà tó ń tà wá gba orúkọ lára rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà.

Èdè tiwa ní orúkọ fún ẹni yẹn. Onísọ̀ ni. Ẹni tó ti sọ àtẹ kalẹ̀. Mo rántí ọdún mẹ́fà tí mo fi gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ní Alágbàká, tí àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ń lé mi, tí bíró ń já bọ́ lórí mi. Mo wo òkè. Bí kò bá jẹ́ pé mo ti jà lórí rẹ̀ títí débi pé mo bọ́ bàtà, bóyá ǹ bá ní kí wọ́n fi "a" yẹn sílẹ̀ fún mi. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kò bèèrè ìtàn ayé mi, "e" ló sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ọmọ mi gbọ́, ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ó ní 1403 ni àwọn onísọ̀ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, àti pé ní 1557 Ọbabìnrin Mary fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́, àfi tó bá ní àṣẹ ọba lọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ tẹ ìwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ yìí náà ló ń ṣọ́ àwọn atẹ̀wé nígbà yẹn, tó lè wọlé wọn lọ wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fojú inú wò ó: ká ní Lọ́ńdọ̀nù 1557 ni, iwájú ẹgbẹ́ wa ni ọ̀gá yẹn ì bá ti wá rojọ́, á sì bọ́ bàtà tirẹ̀ náà.

Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀sùn mi o. Mo ní kí wọ́n kọ ìlà Yorùbá kan sísàlẹ̀ pátákó, "Ìwé àti ohun ìkọ̀wé wà níbí." Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nìyí: IWE ATI OHUN IKOWE WA NIBI. Kò sí àmì kan lórí rẹ̀, kò sí àmì kan nísàlẹ̀ lẹ́tà kankan. Ìyàwó ẹlẹ́ran tó wà nítòsí mi ló kọ́kọ́ kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó fi ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ó ní, "Ìyá Oníbíró, ẹ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni? Iwe ẹran lẹ fẹ́ máa tà?" Ó tọ̀nà. Iwe tí kò lámì, iwe inú ẹran ni, èyí tí Léfítíkù ní kí wọ́n fi òun àti ọ̀rá ara rẹ̀ sun lórí pẹpẹ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi lẹ́tà kan ya ọ̀rọ̀ méjì tí etí ò lè yà sọ́tọ̀. Àwa, etí wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a tó gbé bíró rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ mi mọ̀ pé n kò ta ẹran. Tó bá wá dórí pátákó, a ó ká àmì kúrò bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn. Mo bi ọmọkùnrin yẹn léèrè, ó ní, "Fọ́ǹtì yẹn kì í gbé àmì, mà." Mo ní ṣé òun nìkan ni fọ́ǹtì tó wà láyé? Ó dákẹ́.

Síbẹ̀ mo tún padà sọ́dọ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ẹnu yà yín. Mo yẹ ilé méjì mìíràn wò, ọ̀kan wọ́n jù, èkejì, flex wọn fẹ́lẹ́ débi pé mo rí ọwọ́ mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Káàdì ni mo fẹ́ ṣe lọ́tẹ̀ yìí, káàdì kékeré tí n óò máa há fún àwọn iléèwé. Mo fọwọ́ ara mi kọ ohun gbogbo sórí bébà, lẹ́tà gàdàgbà, mo fi bíró pupa yí "E" ká, mo fi àmì sórí Yorùbá. Ọmọkùnrin náà rí bébà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò gbàgbé, mà." Ó wá fọ́ǹtì mìíràn, ó sì rí èyí tó gbé àmì. Kò ṣàìgbà á lákòókò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ohùn òkè sórí lẹ́tà tí kò ní in, mo dúró tì í lẹ́yìn, mo ń pe ọ̀rọ̀ náà sí i létí títí ó fi bá a. Káàdì yẹn jáde rẹ́gí. Iṣẹ́ tó dáa jù tí wọ́n ti ṣe fún mi ni, n kò sì ní purọ́ mọ́ wọn.

Ibi tí mo dúró tì í sí ni mo ti gbójú sókè rí ìwé owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ara wọn. Bánà, sítíkà, ìwé ìgbéyàwó, lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ COMPLEMENTARY CARD. Ká ní bí ìgbà àkọ́kọ́ ni, ojú mi ì bá fò ó. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e lọ fún Bàbá Tíṣà. Inú wọn dùn bí ẹni rí owó lójú títì. Wọ́n ní ẹbí kan náà tún ni, àwọn ìbejì tí wọn ò jọra. Èyí tó ní "i" láàárín ni ti ìkíni àti ìyìn, tàbí ohun tí wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló yẹ káàdì tí à ń há fún èèyàn. Èyí tó ní "e" ni ti ohun méjì tí ọ̀kan ń parí èkejì, bí iyán àti ọbẹ̀. Ẹ wá wo àwọn èèyàn yìí: "e" tí wọ́n fi dù mí lọ́jọ́sí, ibí ni wọ́n wá ná an sí. Mo sọ fún ọmọkùnrin náà. Ó ní òun á tún un ṣe. Mo tún kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣì wà lára ògiri.

Bí ẹ bá bi mí, nínú márùn-ún, mẹ́ta àbọ̀ ni mo fún wọn. Íǹkì wọn àti flex wọn gba márùn-ún, owó wọn gba mẹ́rin, ọmọkùnrin yẹn gba mẹ́rin nítorí pé ó gun àga. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ gbà, ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, tàbí síbikíbi tí wọ́n ti ń tẹ nǹkan, kó má fẹnu sọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kọ ọ́. Kí o sì ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà lásán kí wọ́n tó tẹ flex, kí o fún ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ kó kà á sókè. Bébà A4 kan kò tó ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí, bí wọ́n bá sì ní àwọn ò ní, ẹ wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi.

Láti bí ọjọ́ mélòó kan, ọyẹ́ ti ń fa etí sítíkà yẹn. Igun rẹ̀ kan kọ́kọ́ ṣí, mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Igun kejì tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ àná ó ti ká sókè dé àárín, "E" ti fẹ́ dì kúlúkúlú, ẹsẹ̀ "A" àtijọ́ méjèèjì sì ti yọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo wà lórí àga, gúlúù lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìyá Oníbíró! O ti tún dúró!"

"Mo dúró, sà. Ẹ wọlé, bíró yín wà lórí káńtà."